Bí ẹ ṣe lè fi ìbéèrè calculus tó ní ojútùú dánra wò títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n

Ẹ ti ka ojútùú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ìlà kan tí kò yé yín. Ẹ ṣí ojú ewé kejì, ìbéèrè mìíràn wà níbẹ̀ tó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì. Ẹ mú bíírò, ẹ kọ nọ́ńbà ìbéèrè náà sílẹ̀, ọwọ́ sì dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń bẹ̀rẹ̀ calculus, ẹ̀ka ìṣirò tó dá lórí bí nǹkan ṣe ń yí padà, ti máa ń há, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń sọ pé àwọn kò ní orí ìṣirò. Ọ̀rọ̀ orí kọ́. Ojú ló ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ kò tíì kọ́ ọ. Ẹni tó kọ ojútùú yẹn ti yọ gbogbo ibi tó ti ṣìnà kúrò kó tó gbé e fún yín. Ọ̀nà tó mọ́ tónítóní nìkan ló ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá kàn ń kà á, ẹ kò ní rí ibi tó ti yan ọ̀nà kan tó sì fi òmíràn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ yíyàn yẹn gan-an ni ìdánwò máa ń bi yín.

Ìpele mẹ́jọ ni mo fẹ́ mú yín gbà. Ẹ má fo ọ̀kankan, pàápàá ìpele kìn-ín-ní tó máa dà bí ohun tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé ìkọ̀wé kan fún iṣẹ́, àti òmíràn kékeré tó wà fún àṣìṣe nìkan.
- Bíírò. Mi ò fẹ́ kí ẹ lo pẹ́ńsù, torí ohun tí ẹ bá ti pa rẹ́ kò lè kọ́ yín ní nǹkan kan mọ́. Ẹ fa ìlà kan la àṣìṣe já, kí ẹ ṣì máa rí i.
- Páálí tàbí ìwé tó nípọn tó lè bo ojú ewé kan.
- Ìbéèrè 10 sí 15 lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, tí ojútùú rẹ̀ pé ní ìlà-ìlà. Ìwé tó kàn to ìdáhùn sí ẹ̀yìn kò tó fún ìbẹ̀rẹ̀.
- Aago, àti ẹ̀rọ ìṣirò. Àyẹ̀wò nìkan la ó máa fi ẹ̀rọ náà ṣe. Bí ìbéèrè bá ní sin tàbí cos nínú, ẹ yí i sí radian (radian àti degree ni ọ̀nà méjì tí a fi ń wọn igun), torí òfin calculus tí a fi ń ṣe wọn kò bá degree mu.
- Ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́. Wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ dán áljẹ́brà yín wò ná

Ibi tí a bá ṣubú sí kọ́ ni ká wò, ibi tí a ti kọsẹ̀ ni. Nínú iṣẹ́ àwọn tí mo ti jókòó tì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìlà calculus pé, tó jẹ́ pé ìlà áljẹ́brà tó tẹ̀ lé e ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣe márùn-ún yìí láìwo ibì kankan:

1. Ẹ tú (x + 3)² kúrò nínú àmì akámọ́.
2. Ẹ kọ 5/(2x³) kí x má sí nísàlẹ̀ mọ́.
3. Ẹ fi páwà kọ √x.
4. Ẹ pín x² − 9 sí àmì akámọ́ méjì.
5. Ẹ dín (x² + 4x)/x kù.

Ìdáhùn: x² + 6x + 9, (5/2)x⁻³, x^(1/2), (x − 3)(x + 3), x + 4, níwọ̀n ìgbà tí x kì í bá ti í ṣe 0.

*Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í:* fún ìkínní, wọ́n á kọ x² + 9. Fún ìkejì, wọ́n á kọ 10x⁻³, torí wọ́n gbé 2 gòkè pẹ̀lú x. Páwà náà wà lórí x nìkan, 2 kò kúrò nísàlẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi nọ́ńbà kan sí ipò x. Fún ìkejì, ẹ fi 1 sí i: 5/(2x³) di 2.5, àmọ́ 10x⁻³ di 10. Wọn kò dọ́gba, a jẹ́ pé irọ́ ni. Ẹ di àyẹ̀wò yìí mú gírígírí, torí òun la ó máa lò títí dé òpin. Bí ẹ bá gba márààrún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí méjì bá bọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tún áljẹ́brà ṣe ná. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò ní ṣòfò.

Ìpele 2: Bí a ṣe ń bo ojútùú

Ẹ ka ìbéèrè, ẹ fi páálí bo ojútùú rẹ̀ pátápátá. Kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín: kí ni wọ́n ní kí n wá, kí ni wọ́n fún mi, irinṣẹ́ wo ni mo rò pé ó yẹ. Irinṣẹ́ náà lè má tọ̀nà, ẹ ṣáà kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú 10.

Bí ìṣẹ́jú 10 bá pé tí ọwọ́ ṣì dúró, ẹ fa páálí wálẹ̀ díẹ̀, kí ìlà kan ṣoṣo yọjú. Ẹ kà á, ẹ bò ó padà, ẹ fi ọwọ́ ara yín parí èyí tó kù. Ẹ fi àmì ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí ẹ wò. Bí ẹ bá tún há, ìlà kan sí i, ìràwọ̀ kan sí i.

Mo jókòó ti ọmọbìnrin kan tó ń ṣe báyìí. Ìbéèrè mẹ́fà ló ṣe lọ́jọ́ náà, ìràwọ̀ sì bọ́ sí ìlà kejì nínú márùn-ún nínú wọn. Kò fi ọjọ́ kan wo ìlà kìn-ín-ní rí, kò sì wo ti ìkẹyìn. Ìlà kejì yẹn ni ibi tí èèyàn ti máa ń tún ìbéèrè kọ sí ìrísí mìíràn kó tó ṣe é. A kò ka ẹ̀kọ́ tuntun kankan. Títún-un kọ nìkan la fi ọjọ́ méjì ṣe, ìràwọ̀ sì dín kù. Ojú tó ń ka ojútùú lásán kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé.

*Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í:* wọ́n á wo ìlà kan, ojú á sì sáré gba ìlà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí páálí náà nípọn, kí ẹ sì fà á pẹ̀lẹ́.

*Àyẹ̀wò:* nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ṣí ewé tuntun, ẹ ṣe ìbéèrè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ láìwo nǹkan kan. Bí ó bá parí láìsí ìràwọ̀, ó ti di tiyín fún òní. Bí kò bá parí, kíkà lẹ ṣì ń kà.

Ìpele 3: Limit

Limit ń béèrè pé: bí x ṣe ń sún mọ́ nọ́ńbà kan, ibo ni gbogbo ìṣirò náà ń lọ? Kò béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí x bá dé orí nọ́ńbà yẹn gan-an.

*Ìbéèrè:* kí ni limit (x² − 9)/(x − 3) bí x ṣe ń lọ sí 3?

Ẹ kọ́kọ́ fi 3 sí ipò x. Òkè di 0, ìsàlẹ̀ di 0. Ẹ má kọ 0, ẹ má kọ 1, ẹ má sì kọ pé kò sí ìdáhùn. 0/0 kàn ń sọ fún yín pé iṣẹ́ ṣì kù ni. Ẹ pín òkè sí àmì akámọ́ méjì:

lim (x − 3)(x + 3)/(x − 3) = lim (x + 3) = 6

Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí pé ta ló fún wa láṣẹ láti gé (x − 3) kúrò nígbà tó lè jẹ́ òdo. Ìbéèrè tó dára ni. A lè gé e nítorí pé x ń sún mọ́ 3 ni, kò dé 3 rárá, nítorí náà x − 3 kì í ṣe òdo ní ibi tí a wà.

*Ìbéèrè:* kí ni limit (√(x + 4) − 2)/x bí x ṣe ń lọ sí 0?

0/0 lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n òkè kò ṣeé pín sí àmì akámọ́ méjì. Ẹ sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú √(x + 4) + 2. Òkè di (x + 4) − 4, èyí tí í ṣe x lásán. Ìsàlẹ̀ di x(√(x + 4) + 2). Ẹ gé x:

lim 1/(√(x + 4) + 2) = 1/(2 + 2) = 1/4

*Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í:* wọ́n á tú ìsàlẹ̀ kúrò nínú àmì akámọ́, x tí wọ́n fẹ́ gé á sì fara pa mọ́. Ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìkejì, wọ́n á gbàgbé láti máa kọ “lim” ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa kọ ọ́ títí di ìlà tí ẹ fi nọ́ńbà sí ipò x.

*Àyẹ̀wò:* ẹ mú nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fún ìbéèrè àkọ́kọ́, x = 3.01 fún wa ní 6.01, x = 2.99 fún wa ní 5.99. Fún ìkejì, x = 0.01 fún wa ní nǹkan bíi 0.2498, x = −0.01 fún wa ní nǹkan bíi 0.2502. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń lọ síbì kan náà, ìdáhùn dúró. Ẹ wá fi wé 1/(x − 3) bí x ṣe ń lọ sí 3: 3.01 fún wa ní 100, 2.99 fún wa ní −100. Èyí kò ní limit rárá, òkè rẹ̀ kò sì di òdo láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wo òkè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan.

Ìpele 4: Derivative láti ìpìlẹ̀

Derivative ń sọ bí nǹkan ṣe ń yára yí padà ní ojú kan ṣoṣo. Lórí gíráàfù, òun ló ń sọ bí ìlà náà ṣe ga gẹ̀rẹ́ tó níbẹ̀. Ẹ máa fi ọ̀nà gígùn yọ ọ́ fún ìbéèrè márùn-ún péré, kí ẹ mọ ibi tí òfin ti wá, lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀.

*Ìbéèrè:* f(x) = x² + 3x. Ẹ fi h, ìyẹn nọ́ńbà kékeré tí a fi kún x, yọ derivative rẹ̀.

Gbogbo ibi tí x bá wà, ẹ fi (x + h) sí i, pẹ̀lú àmì akámọ́:

f(x + h) = (x + h)² + 3(x + h) = x² + 2xh + h² + 3x + 3h

Ẹ yọ f(x) kúrò: 2xh + h² + 3h

Ẹ fi h pín in: 2x + h + 3

Ẹ jẹ́ kí h lọ sí òdo: 2x + 3

*Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í:* wọ́n á kọ f(x + h) bíi x² + 3x + h. Ìyẹn ti lẹ h mọ́ ìparí, kò fi (x + h) sí inú. Èkejì wà nínú ìyọkúrò: wọ́n á kọ “− x² + 3x” nígbà tó yẹ kó jẹ́ “− x² − 3x”, torí wọn kò fi àmì akámọ́ yí f(x) ká.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ìyọkúrò, h gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ohun tó kù. Bí ẹ bá rí ohun kan tí kò ní h, ẹ dúró, àṣìṣe ti wà lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi nọ́ńbà dán ìdáhùn wò. Ní x = 2, 2x + 3 jẹ́ 7. f(2) jẹ́ 10, f(2.001) jẹ́ 10.007001. Ìyàtọ̀ wọn tí a fi 0.001 pín jẹ́ 7.001. Ó bá a mu.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe 1/x lọ́nà yìí. Bí ẹ bá bá −1/x² jáde, ìpele yìí ti parí.

Ìpele 5: Àwọn òfin, àti bí a ṣe ń mọ èyí tó kàn

Òfin páwà rọrùn: xⁿ di n·xⁿ⁻¹. Ibi tó ti ń lé ni pé wọn kì í kọ ìbéèrè bí òfin ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ wo y = 4√x + 6/x². Ẹ kọ́kọ́ tún un kọ: 4x^(1/2) + 6x⁻². Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè yọ derivative: 2x^(−1/2) − 12x⁻³. Ẹ ṣọ́ páwà tó kéré sí òdo: −2 tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀ di −3, kì í ṣe −1.

Nígbà tí ohun méjì bá sọ ara wọn di púpọ̀, ẹ kò lè yọ derivative ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì sọ wọ́n di púpọ̀. Ẹ fi x²·x³ dán an wò. Ọ̀nà yẹn máa fún yín ní 2x·3x² = 6x³. Bẹ́ẹ̀ x²·x³ ni x⁵, derivative rẹ̀ sì ni 5x⁴. Òfin tó tọ́ ni: derivative àkọ́kọ́ lọ́nà ìkejì, kí ẹ fi àkọ́kọ́ lọ́nà derivative ìkejì kún un. 2x·x³ + x²·3x² = 5x⁴. Fún ìpín, ẹ ṣọ́ ètò rẹ̀, torí ìyọkúrò wà láàárín: ìsàlẹ̀ lọ́nà derivative òkè ló ń ṣáájú. x/(x² + 1) di [(x² + 1) − x·2x]/(x² + 1)², ìyẹn (1 − x²)/(x² + 1)².

Èyí tó ń fìyà jẹ ènìyàn jù ni chain rule, òfin ohun tó wà nínú ohun mìíràn. Ẹ mú (2x + 1)³. Ẹ yọ derivative ìta, kí ẹ má fọwọ́ kan inú: 3(2x + 1)². Ẹ wá fi derivative inú, tí í ṣe 2, sọ ọ́ di púpọ̀: 6(2x + 1)². Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé 2 yẹn, ojú wọn kò sì ní fura, torí 3(2x + 1)² dà bí ìdáhùn gidi.

*Àyẹ̀wò:* ní x = 1, ìdáhùn wa jẹ́ 6 × 9 = 54. Ẹni tó gbàgbé 2 ní 27. Ta ló tọ́? Ní x = 1.001, 2x + 1 jẹ́ 3.002, tí 3.002³ sì jẹ́ nǹkan bíi 27.054036. Ẹ yọ 27 kúrò, ẹ fi 0.001 pín in: 54.036. Ẹ̀rọ ìṣirò ti dá ẹjọ́ náà láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Wàyí o, báwo lẹ ṣe máa mọ òfin tó kàn nígbà tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sí orí ìbéèrè? Ẹ bi ara yín pé: bí mo bá fẹ́ fi nọ́ńbà gidi ṣe ìṣirò yìí, kí ni mo máa ṣe kẹ́yìn? Ohun tí ẹ máa ṣe kẹ́yìn ni òfin tí ẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ mú x²(2x + 1)³. Bí x bá jẹ́ 5, ẹ máa ṣe 5², ẹ máa ṣe 11³, ẹ̀yìn wọn lẹ máa wá sọ méjèèjì di púpọ̀. Ìsọdipúpọ̀ ló kẹ́yìn, nítorí náà òfin ìsọdipúpọ̀ ló ṣáájú, chain rule á sì wọlé nínú rẹ̀:

2x(2x + 1)³ + x²·6(2x + 1)²

Ẹ lè dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kó o jọ, 2x(2x + 1)² wà nínú méjèèjì: 2x(2x + 1)²[(2x + 1) + 3x] = 2x(2x + 1)²(5x + 1). Ní x = 1, ìlà àkọ́kọ́ fún wa ní 54 + 54 = 108, ìlà ìkẹyìn fún wa ní 2 × 9 × 6 = 108. Kíkójọ náà kò ba nǹkan jẹ́.

Bí ẹ bá ń ṣe ìbéèrè 15 lórí òfin kan ṣoṣo, ọwọ́ yín máa yá, ṣùgbọ́n yíyàn kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹta, ẹ kọ ìbéèrè 12 láti inú òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bébà kéékèèké, ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ máa fà wọ́n yọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn kọ orúkọ òfin tó kàn, ẹ má tíì ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá gba 10 nínú 12, ẹ tó ìpele tó kàn.

Ìpele 6: Ìbéèrè ọlọ́rọ̀ tó ń wá ohun tó pọ̀ jù

*Ìbéèrè:* páálí onígun mẹ́rin kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, ó sì gùn ní 12. Ẹ gé igun kékeré onígun mẹ́rin kan náà kúrò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè kó di àpótí aláìlómorí. Báwo ni nǹkan tó lè gba inú àpótí náà ṣe lè pọ̀ tó?

Ẹ yàwòrán. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fo ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á. Ẹ kọ x sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ gé. Ní kété tí ẹ bá kọ x sí igun ọ̀tún, ẹ máa rí i pé x wà ní igun òsì náà, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ àpótí fi fẹ̀ ní 12 − 2x. Ẹni tí kò yàwòrán máa ń kọ 12 − x, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e á sì bàjẹ́.

Gíga rẹ̀ ni x. Ẹ jẹ́ ká pe ìwọ̀n ohun tó lè gba inú rẹ̀ ní V, ká sì pe derivative V ní V′. Nítorí náà:

V = x(12 − 2x)²

Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ kọ ibi tí x lè dé: ó gbọ́dọ̀ ju 0 lọ, kó sì kéré sí 6, torí bí a bá gé 6 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí páálí tó kù. Ìlà kúkúrú yìí máa gbà yín láìpẹ́.

Ìsọdipúpọ̀ ló kẹ́yìn, chain rule wà nínú:

V′ = (12 − 2x)² + x·2(12 − 2x)(−2)
V′ = (12 − 2x)² − 4x(12 − 2x)
V′ = (12 − 2x)(12 − 6x)

−2 tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ ni derivative inú. Òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

Ní ibi tí V ti ga jù, V′ máa jẹ́ òdo. Ìyẹn fún wa ní x = 6 tàbí x = 2. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé x kéré sí 6, nítorí náà 6 bọ́ sẹ́yìn. x = 2 ló kù. V = 2 × 8² = 128.

*Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í:* wọ́n á kọ x = 2, wọ́n á fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kọjá. Ohun tí wọ́n béèrè ni ìwọ̀n ohun tó lè gba inú rẹ̀, ìyẹn 128 cm³. Kí ẹ tó fa ìlà sí abẹ́ ìdáhùn, ẹ padà lọ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wo aládùúgbò rẹ̀. x = 1 fún wa ní 100. x = 3 fún wa ní 108. Méjèèjì kéré sí 128, nítorí náà òkè ni a wà lóòótọ́.

Ìpele 7: Integration

Integration, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ∫ tí ìdáhùn rẹ̀ sì ń jẹ́ integral, ń gba ọ̀nà tí derivative gbà padà sẹ́yìn. Nítorí bẹ́ẹ̀, òun ló ní àyẹ̀wò tó rọrùn jù nínú gbogbo calculus: ẹ yọ derivative ìdáhùn yín, ẹ wò ó bóyá ẹ padà sí ìbéèrè.

∫(6x² − 4x + 3) dx = 2x³ − 2x² + 3x + C

Derivative rẹ̀ ni 6x² − 4x + 3. Ó parí. C wà níbẹ̀ torí nọ́ńbà lásán kì í fi àpẹẹrẹ kankan sílẹ̀ nígbà tí a bá yọ derivative rẹ̀, a kò sì lè mọ iye tó jẹ́. Òfin páwà tó ń fi 1 kún páwà kò ṣiṣẹ́ fún 1/x, torí ó máa mú òdo wá sí ìsàlẹ̀. ∫(1/x) dx ni ln|x| + C (ln ni natural logarithm).

Fún ∫2x(x² + 1)³ dx láti 0 dé 1, ẹ wá ohun tó wà nínú tí derivative rẹ̀ dúró síta: x² + 1 wà nínú, 2x wà níta. Ẹ pe u ní x² + 1, 2x dx á di du. Bí x bá jẹ́ 0, u jẹ́ 1. Bí x bá jẹ́ 1, u jẹ́ 2. ∫u³ du láti 1 dé 2 jẹ́ (16 − 1)/4 = 15/4. Ẹni tó yí x sí u tí kò yí 0 àti 1 padà máa kọ 1/4.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni ti ilẹ̀ tó wà láàárín gíráàfù àti ìlà x. *Ìbéèrè:* báwo ni ilẹ̀ tó wà láàárín y = x² − 2x àti ìlà x ṣe tóbi tó, láti x = 0 dé x = 3?

Ẹ ṣe integral rẹ̀ tààrà, ẹ fi 3 àti 0 sí i, ẹ yọ ti 0 kúrò nínú ti 3: x³/3 − x² ní 3 jẹ́ 9 − 9 = 0, ní 0 jẹ́ 0. Ìdáhùn 0. Ṣùgbọ́n ẹ ya gíráàfù náà, ilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ojú rí. Láti 0 dé 2, gíráàfù wà lábẹ́ ìlà, integral ibẹ̀ sì jẹ́ −4/3. Láti 2 dé 3, ó wà lókè, integral ibẹ̀ jẹ́ 4/3. Wọ́n ti jẹ ara wọn. Bí ilẹ̀ bá ni wọ́n béèrè, ẹ gé e síbi tó ti ré ìlà kọjá, ẹ yọ àmì ìyọkúrò kúrò, ẹ rò wọ́n pọ̀: 4/3 + 4/3 = 8/3.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ tó ṣe integral ilẹ̀ kankan, ẹ wá ibi tí y ti jẹ́ òdo. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí àárín ibi tí wọ́n fún yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ ní láti gé e.

Ìpele 8: Ìwé àṣìṣe

Nínú ìwé kékeré yẹn, ẹ kọ ìlà tí ẹ ṣì gan-an, ẹ kọ èyí tó tọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ẹ wá fi gbólóhùn kan sọ ohun tó fà á. “Mo ṣe àìbìkítà” kò wúlò. “Mo gbé 2 gòkè pẹ̀lú x” wúlò, torí ẹ lè ṣọ́ ọ lọ́la.

Gbogbo ìbéèrè tó bá ní ìràwọ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 2, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7, láti orí ewé òfìfo. Ẹ má tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà kí ẹ sì ka ìyẹn sí. Iyè yín ṣì gbóná, ó kàn ń rántí bí ìlà ṣe rí lójú ewé ni. Bí ìbéèrè kan bá kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìsí ìràwọ̀, ẹ yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà fúnra yín. Ẹ sọ páálí 12 di 18, ẹ ṣe é láìsí ojútùú nílé, ẹ fi aládùúgbò rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. x yẹ kó jẹ́ 3, V sì yẹ kó jẹ́ 432.